Dúrọ́ọ̀ Àwọn Tí Ara Wọn Ti Yá

Ìlà Àwọn Aláṣọ,
Ọjà Ńlá Treichville,
Abidjan.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Olùdarí,
Ilé Ìwòsàn Les Trois Manguiers,
Marcory,
Abidjan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN FÁÌLÌ RUFAIDAH ÒKÉWÙMÍ ṢÍ, KÍ Ẹ SÌ DÁ ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀ ỌDỌỌDÚN RẸ̀ PADÀ

1. Orúkọ mi ni Sàlíhà Òkéwùmí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Treichville ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ta aṣọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi ni ìyá tó bí bàbá Rufaidah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó jẹ́ aláìsàn yín láti ọdún 2022. Ilé kan náà ni èmi, ọmọ náà àti Martine ìyá rẹ̀ ń gbé ní Marcory. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín sọ pé a lè fi Faransé, Yorùbá tàbí Jùlá kọ ẹ̀sùn wa, mo sì gba pátákó náà gbọ́. Martine, tí ó jẹ́ olùkọ́, ti kọ ẹ̀dà Faransé, ó wà lẹ́yìn èyí. Òun náà ló ní kí n fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

2. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, èmi, Martine àti Mùíbì ọmọ mi, bàbá Rufaidah, gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ yín. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kò sì dá. Dókítà Bénie ló gbà wá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ki ẹ̀rọ ayàwòrán gba ẹnu rẹ̀ dé inú ìfun, wọ́n sì já bíńtín níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní orúkọ àìsàn náà ni maladie cœliaque. Ó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí èmi pàápàá fi lè gbé e dé ọjà: nǹkan kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gúlútẹ̀nì, bí ó bá ti wọ inú ọmọ yìí, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ á dìde, wọn kò sì ní bá ọ̀tá jà, ìfun rẹ̀ ni wọn yóò dojú kọ. Kò sí oògùn rẹ̀. Oúnjẹ ni oògùn. Búrẹ́dì, bisikíìtì, makaróní, kúsúkúsù àti gbofloto, fúláwà pípò tí a ń dín sínú òróró, ti di èèwọ̀ fún un títí ayé. Ìrẹsì, iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti atíẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe ṣì kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Abidjan ni àìsàn náà ti bá a, níbi tí atíẹ̀kẹ́ kì í ti í wọ́n.

3. Dókítà Bénie sọ ọ̀rọ̀ kejì, òun ló sì fa lẹ́tà yìí. Ó ní a lè ka àwọn ọmọ ogun náà nínú ẹ̀jẹ̀, iye wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 128 ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí a ti yí oúnjẹ padà, ó di 47. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó di 14. Dókítà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ náà pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń dùn ún. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ̀dà káàdì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo bi í pé kí ló dé tí a ó fi máa gún ọmọ tí kò ṣàìsàn ní abẹ́rẹ́. Ó ní ìfun kì í ké nígbà gbogbo. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lè kún, kí ìfun rẹ̀ sì máa bó nínú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló máa ń tú àṣìṣe tí àwọn ará ilé ń ṣe tí wọn kò mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ilé tèmi, kò sẹ́ni tí í ṣe àṣìṣe nídìí ìkòkò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn.

4. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Mùíbì ọmọ mi kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Yamoussoukro. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀ níbí. Ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, Dókítà Bénie kúrò lọ́dọ̀ yín. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé lágbájá ni yóò máa tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀.

5. Ọjọ́ tó wà nínú káàdì pé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, a sì mú ọmọ wá. Ọ̀gbẹ́ni Célestin, olórí ibi tí ẹ ń tọ́jú fáìlì sí, gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, nítorí òótọ́ ni. Ó bi ọmọ náà bóyá inú ń run ún. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ó ń jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó rí i pé ó tẹ̀wọ̀n díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ló bá pa fáìlì náà dé, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó ní, « Mamie, c'est fini, la petite est guérie. » Ìyẹn ni pé, Màmá Àgbà, ó ti parí, ara ọmọ ti yá. Ó ṣàlàyé pé ìlànà tuntun ni: aláìsàn tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra tí kò sọ pé nǹkan ń dun òun, wọn á kó fáìlì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ « Guéris », Àwọn Tí Ara Wọn Ti Yá, sí lára, dókítà kò sì ní rí i mọ́. Martine na káàdì sí i. Ọ̀gbẹ́ni Célestin ní dókítà tó kọ ọ́ ti lọ. Martine fẹ́ takú. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́. Mo ní kó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn padà sára ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe sàárà ọpẹ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò wá síbí láti wẹ ara mi mọ́.

6. Láti ìgbà tí Rufaidah ti mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti ń rán aṣọ Iléyá fún un. Mo máa ń ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí a lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga; gbogbo àwa aláṣọ la ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé wa. Ní Iléyá ọdún 2023, gbogbo ìka mẹ́rin ni mo tú nínú aṣọ ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, mo gbé aṣọ Iléyá ọdún 2024 jáde, mo wọ̀ ọ́ fún un kí n lè mọ ibi tí màá tú u dé. Kò sí ohun tí a fẹ́ tú. Aṣọ náà bá a mu géérégé bí ọjọ́ tí mo rán an. Inú ọmọ náà dùn pé aṣọ òun ò tíì kéré. Èmi jókòó sórí ìdì aṣọ mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo tún ní ìwọ̀n lọ́wọ́, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

7. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a wá sọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ìyẹn: ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà, ọjọ́ karùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n oṣù náà, àti ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kí ọmọ sọ ohun tó ń dùn ún. Kò sí ohun tó ń dùn ún, ohun tí a sì wá sọ gan-an nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pé ọmọ kò ga kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ìdílé wa kúrú. (Mùíbì ga tó bẹ́ẹ̀ tó máa ń tẹríba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi.) Lẹ́ẹ̀kẹta, a mú ìwé ìbéèrè wá, wọ́n gbà á, títí di òní kò sí èsì. Ó ti wá sú Ọ̀gbẹ́ni Célestin lọ́jọ́ yẹn, ló bá fa dúrọ́ọ̀ náà yọ kí n lè rí iye àwọn tí kì í yọ òun lẹ́nu. Mo fi ojú kà wọ́n bí mo ṣe ń ka aṣọ tí a ká lélẹ̀: mọ́kànlélógún. Bí a ti dúró níbẹ̀ ni Idrissa, káfíńtà kan láti Attécoubé, wọlé. Àìsàn kan náà ló ń ṣe Hàbíbà ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti dákú lẹ́ẹ̀mejì lórí òkè tí ilé wọn wà, ọkọ rẹ̀ sì wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n dá a lóhùn pé fáìlì rẹ̀ wà láàárín àwọn tí ara wọn ti yá. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ. Ọpẹ́ tó dú yẹn dùn mí ju bí ìbá ṣe bínú lọ.

8. A gbé Rufaidah lọ sí Cocody, sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iye tó jáde ni 91. Èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, egungun rẹ̀ kò sì rí ohun tí yóò fi ga. Ọmọ tí inú kò run rí láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ara rẹ̀ yá! Dókítà náà kò pariwo mọ́ wa. Ó ní kí èmi àti Martine ka gbogbo ohun tí ọmọ náà jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan. A kà á. Ọjọ́ Ajé mọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, Ọjọ́rú mọ́. Nígbà tí a dé Ọjọ́bọ̀, mo ní ó jẹ dòdò. Ó bi mí pé òróró wo ni mo fi dín in.

9. Ibi yìí ló nira fún mi láti kọ. Láti ìgbà tí Mùíbì ti kú, mo ń ṣe sàárà fún un ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Gbofloto ni mo ń dín, mo sì ń pín in fún àwọn ọmọ ilé-kéú tó wà ní àdúgbò wa. Rufaidah wà lára wọn. N kò fún un ní gbofloto rí, ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èèwọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni wọn yóò ṣe máa jẹ sàárà bàbá ọmọ kí ọmọ náà máa wò wọ́n lẹ́nu? Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Bí gbofloto bá ti tán, màá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, màá dín in sínú agbada kan náà, nínú òróró kan náà, kí òróró má baà ṣòfò, màá sì gbé e fún un nínú abọ́ tirẹ̀ kó tó kan ẹnikẹ́ni. Dókítà ní fúláwà tó rọ̀ sínú òróró yẹn ti tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i. Martine wolẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọwọ́ tí mo fi ń tọ́rọ àánú fún bàbá ni mo fi ń bó ìfun ọmọ.

10. Nítorí náà, Ọ̀gá, n kò sọ pé ilé ìwòsàn yín ló dín dòdò náà. Èmi ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ ní ohun tí ìbá mú mi. Oṣù kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ sàárà náà ni ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ká ní ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, iye náà ìbá ti gòkè, ẹnì kan ìbá ti bi mí ní ìbéèrè òróró, àṣìṣe mi ìbá sì ti parí síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ bi ọmọ ọdún méje bóyá inú ń run ún, ẹ sì fi èsì rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Mo ti fi kàlẹ́ńdà ka àwọn Ọjọ́bọ̀ tó wà láàárín òǹtẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Célestin àti àyẹ̀wò ti Cocody. Àádọ́rin ni. Àádọ́rin ìgbà ni mo gbé abọ́ náà fún un, tí mo sì wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán, tí inú mi ń dùn. Inú bí mi sí ìlànà yín, Ọ̀gá, mi ò ní purọ́. Ìlànà tó ní kí ẹni tí kò ké má ṣe gba ìtọ́jú, àwọn tó lè ké nìkan ló wà fún.

11. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Èkíní, kí ẹ yọ fáìlì Rufaidah kúrò nínú dúrọ́ọ̀ náà, kí ẹ sì fi sọ́wọ́ dókítà kan tí ẹ ó dárúkọ rẹ̀ fún wa.

Èkejì, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Ọjọ́ yẹn ni oṣù mẹ́fà tí dókítà Cocody fún wa kí a tó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò yóò pé. Dókítà náà fúnra rẹ̀ ń padà sí ìlú rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kò sì sí ilé ìwòsàn mìíràn nítòsí wa tó máa ń fi irú ẹ̀jẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí lábù. Ẹ̀yin ń ṣe é. Èsì àtijọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìwé tí ẹ kọ nípa ìfun rẹ̀ ní ọdún 2022 sì wà lọ́dọ̀ yín; láìsí wọn, ẹni tó bá gbà á kò ní mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe é, ẹ kó ìwé wọ̀nyẹn fún wa kí ọdún tó yí, kí a máa wá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ọmọ mi nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fáìlì ogún tó kù. N kò mọ àìsàn tí gbogbo wọn ní, ṣùgbọ́n mo mọ ti Hàbíbà. Ẹni tó bá ní àìsàn yìí nínú wọn, ẹ ránṣẹ́ pè é. Ẹ má dúró dìgbà tí yóò dákú lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti sọ fún mi pé àìsàn yìí kì í tán lára ẹni, ṣíṣọ́ la ń ṣọ́ ọ. Orúkọ tó wà lára dúrọ́ọ̀ yẹn kò bá wọn mu.

12. Láti oṣù Keje, agbada méjì ló wà nílé wa. Tuntun ni ti Rufaidah, mo so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀, fúláwà kò sì dé itòsí rẹ̀. Mo ti yọ gbofloto kúrò nínú sàárà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ báyìí, àwọn ọmọ ilé-kéú sì ti ń kùn. Ọmọ náà bi Martine bóyá sàárà bàbá òun ló ṣe òun bẹ́ẹ̀. Martine ní rárá. Ó wá bi èmi náà, mo kọjú sí agbada tí mò ń fọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, yóò kọ́kọ́ wo agbada, yóò wá wo ojú mi, kó tó bu òkèlè. Ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ mi kó tó ní eyín.

Mo lè sọ fún un pé ọwọ́ mi ti mọ́. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ. Ojú mi kò lè rí i, inú rẹ̀ kò lè sọ ọ́, ìwé àyẹ̀wò yín nìkan ló lè bá mi sọ ọ́ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí èsì yín,

Sàlíhà Òkéwùmí (Àlàájà),
Ìyá-àgbà Rufaidah,
Alága Ìlà Àwọn Aláṣọ, Ọjà Ńlá Treichville.